Ta ló ṣa kajú yìí? Ọ̀rọ̀ lórí ẹrú òde òní nínú òwò tiwa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá àwọn ọba, àwọn baálẹ̀ àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé wa ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí àsìkò kajú tó bẹ̀rẹ̀. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ṣe sọ ọ́.

Mo túúbá kí n tó sọ̀rọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ lè dun àwọn kan nínú wa. Ó ti kọ́kọ́ dun èmi fúnra mi.

Ẹ wo ìwé tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ojú ewé mẹ́sàn-án ni, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tó ń ra kajú lọ́wọ́ wa ló fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kí ẹgbẹ́ wa fọwọ́ sí i, kí àwọn baálẹ̀ sì fi òǹtẹ̀ lù ú, pé kò sí ẹrú, kò sí iṣẹ́ ipá, kò sí ọmọdé tí wọ́n ń lò nílòkulò, nínú oko kankan tí kajú wa ti jáde. Wọ́n ní bí a kò bá fọwọ́ sí i kí oṣù kejì tó wọlé, àwọn lè lọ rà níbòmíràn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn ọ̀rẹ́ mi nínú ìgbìmọ̀ sọ fún mi pé, "Akọ̀wé, fọwọ́ sí i jàre. Ta ló ń mú ẹrú ní Ṣábẹ̀ẹ́?" Èmi ni mo ní kí wọ́n dúró. Wọ́n bínú sí mi díẹ̀, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi ní kí a dúró ni mo wá sọ níwájú yín.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Bí ó bá jẹ́ ti ọ̀rọ̀ ẹrú, àwa kọ́ ni wọ́n máa wá kọ́. Ní 1886 ni àwọn ọmọ ogun Dàhòmì fọ́ Kétu, wọ́n kó àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí Àgbọ̀mẹ̀. Ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin ni àwọn tó kù tó rí ọ̀nà padà wá tún ìlú wọn kọ́. Ṣábẹ̀ẹ́ náà jẹ nínú ìyà ogun yẹn. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń kó èèyàn wa gba Glehue àti Àjàṣẹ́ kọjá wọ ọkọ̀ ojú omi. Títí di òní, bí ẹ bá dé Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì, ẹ ó bá ilé òrìṣà tí wọ́n ń pe ara wọn ní ọmọ Kétu. Wọn kò fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn débẹ̀.

Àwa náà sì ní ìwọ̀fà nílé. Ẹni tó bá yá owó, á fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe, èlé owó nìyẹn, kì í dín ojú owó kù rárá. Bó ṣe ogún ọdún lẹ́nu rẹ̀, iye tí wọ́n yá ní ọjọ́ kìíní náà ló kù nílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa fi àlà sí i. Onígbọ̀wọ́ wà, ẹbí ìwọ̀fà mọ ilé olówó, wọ́n sì lè wá bi í pé kí ló ṣe ọmọ àwọn. Mi ò sọ pé ó dára o. Ohun tí mo ń sọ ni pé èyí tó wà lóde báyìí burú ju ìwọ̀fà lọ, torí kò ní onígbọ̀wọ́, ẹbí kò sì mọ ibi tí ọmọ wà.

Ẹrú òde òní kì í wọ ṣẹkẹṣẹkẹ̀. Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, tí a mọ̀ sí OIT, ti sọ ọ́ láti 1930 pé iṣẹ́ ipá ni iṣẹ́ tí a fi ìhàlẹ̀ gbà lọ́wọ́ èèyàn, tí òun fúnra rẹ̀ kò fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda láti ṣe. Wọ́n ka àmì mọ́kànlá tí a fi ń dá a mọ̀. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín, oúnjẹ ń tutù. Àwọn tó kàn wá jù ni pé kí ọ̀gá gba ìwé ìdánimọ̀ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó sì fi pamọ́, kí wọ́n máa di owó rẹ̀ mú, kí wọ́n ṣèlérí ohun kan fún un nílé kó dé ibi iṣẹ́ kó bá òmíràn, àti kí gbèsè so ó mọ́lẹ̀: gbèsè ọkọ̀, gbèsè oúnjẹ, gbèsè oògùn ibà. Nínú ìṣirò tí wọ́n ṣe fún ọdún 2021, mílíọ̀nù 27.6 èèyàn ló wà nínú iṣẹ́ ipá káàkiri ayé. Bí wọ́n bá fi àwọn tí wọ́n fi ipá fún lọ́kọ tàbí láya kún un, ó di mílíọ̀nù 49.6. Púpọ̀ nínú iṣẹ́ ipá yìí ló sì wà nínú òwò àdáni: oko, ilé kíkọ́, ilé-iṣẹ́, iṣẹ́ ilé.

Ẹ ó sọ pé ibi jíjìn nìyẹn. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ sí Abẹ́òkúta, tí àwa ará Kétu ń bá tajà tipẹ́tipẹ́. Ní 2003, wọ́n kó ọmọ tó lé ní igba padà wá sí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Zakpota, lọ́hùn-ún lẹ́bàá Àgbọ̀mẹ̀. Àwọn míì kò tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Òkúta ni wọ́n ń fi òòlù fọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, wọ́n á fọ́ ọ títí tí yóò fi kún ọkọ̀ akẹ́rù. Àwọn ọmọ náà sọ pé àwọn ẹgbẹ́ àwọn kan kú síbẹ̀.

Ẹ wá bá mi tẹ̀ lé òkúta yẹn. Ọmọ fọ́ ọ. Ẹni tó mú ọmọ wá láti abúlé tà á fún ọlọ́kọ̀. Ọlọ́kọ̀ tà á fún kọngílá. Kọngílá fi ṣe ojú ọ̀nà, tàbí ó fi da ilẹ̀ ilé olówó kan. Bí ẹ bá bi onílé, á ní ọwọ́ kọngílá lòun ti ra iṣẹ́. Bí ẹ bá bi kọngílá, á ní dẹ́rẹ́bà lòun mọ̀. Gbogbo wọn ló san owó o, kò sí olè níbẹ̀, kálukú ló ní rìsíìtì tirẹ̀. Owó kan ṣoṣo ni kò débi tó yẹ kó dé, ìyẹn owó ẹni tó mú òòlù dání. Ohun tí wọ́n ń pè ní ẹrú nínú okùn òwò nìyẹn. Kò sí ẹni tó rò pé òun ló ni ín.

Ìdí tí mo fi mọ̀ ọ́n dáadáa rèé. Ọdún kẹta sẹ́yìn, kajú so lóko mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn ọmọ mi sì wà ní ilé-ìwé ní Kútọnu. Mo wá àwọn tí yóò bá mi ṣa á. Ọkùnrin kan wà tó máa ń kó ọ̀dọ́ wá láti Atakora, ẹ ò ní gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi. Ó mú ọmọkùnrin mẹ́rin wá fún mi. A dúnàádúrà, mo sì ka 400,000 sẹ́fà fún un fún gbogbo àsìkò náà, mo san ìdajì ṣáájú, mo san ìdajì nígbà tí iṣẹ́ parí. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ṣe dáadáa, torí mo mọ àwọn tó ń san kéré sí i.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ lọ, èyí tó kéré jù nínú wọn, tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo sì gbà bẹ́ẹ̀ torí ó rọ̀ mí lọ́rùn láti gbà, ó wá bá ìyàwó mi nídìí ààrò. Ó bi í pé, "Màmá, ṣé bàbá máa fún wa ní nǹkan báyìí?" Ìyàwó mi ní, "Nǹkan wo? Ṣebí wọ́n ti sanwó yín?" Ọmọ náà kò mọ̀. 15,000 sẹ́fà ni ọ̀gá wọn ṣèlérí fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì ní òun á yọ owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ nínú rẹ̀. Oúnjẹ tí ìyàwó mi sè! Ká dákẹ́ ká ronú sí i díẹ̀: 400,000 ni mo san, àwọn mẹ́rin tó ṣe iṣẹ́ kò rí ju 60,000 lọ, ìyẹn bí wọ́n bá rí i. Ìwé ìbí wọn wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà pẹ̀lú. Bí a sì ṣe bi ọmọ yẹn dáadáa, ọdún mẹ́tàlá ni.

Mo tún san owó fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lójú ìyàwó mi, lọ́wọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mo lọ gba ìwé wọn pẹ̀lú ariwo. Ìyàwó mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tó sì sọ ọ́, ohun tó sọ ni pé, "O bi ọkùnrin yẹn ní iye tó máa gbà. O ò bi àwọn ọmọ yẹn ní nǹkan kan." Mi ò rí èsì fọ̀. Kajú ọdún yẹn lọ sí ilé-iṣẹ́, wọ́n fọ́ ọ, wọ́n dì í sínú àpò, ó lọ sí Yúróòpù. Bí wọ́n bá mú ìwé yìí wá lọ́dún yẹn, ǹ bá ti fọwọ́ sí i láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì, ǹ bá sì ti búra sí i.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí ilé-iṣẹ́ fi ń sáré sí ọ̀rọ̀ yìí báyìí. Òfin ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe tiwọn ní 2015: ilé-iṣẹ́ tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá tó mílíọ̀nù 36 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ kọ ọ́ síta lọ́dọọdún, ohun tó ń ṣe kí ẹrú má bàa wà nínú òwò rẹ̀ àti lọ́dọ̀ àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn. Òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó ní ihò: ilé-iṣẹ́ lè kọ ọ́ pé òun kò ṣe nǹkan kan, kò sì rú òfin. Àwọn Faransé ṣe tiwọn ní 2017, èyí le díẹ̀ ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá gbọ́dọ̀ ṣe ètò ìṣọ́ra, kí wọ́n sì tẹ̀ lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè pè wọ́n lẹ́jọ́. Èyí tó wá kan kajú wa gan-an ni òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2024. Láti oṣù Kejìlá 2027, ọjà tí wọ́n bá rí i pé iṣẹ́ ipá wà nínú rẹ̀, ibi yòówù kí wọ́n ti ṣe é, kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn mọ́, èyí tó ti wọ̀ ọ́ yóò jáde. Láti oṣù Kẹrin 2024, ìjọba wa kò jẹ́ kí a ta kajú tútù sókè òkun mọ́, ilé-iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ níbí ló ń fọ́ ọ. Nítorí náà, bí ẹjọ́ bá dé, ọ̀dọ̀ wa níbí ni wọ́n ń bọ̀ wá wá ẹlẹ́bi.

Òfin tiwa náà wà, ká má tan ara wa. Ìgbà tí ọkọ̀ Etireno kúrò ní Kútọnu ní 2001, tí Gàbọ́ọ̀nù àti Kamẹrúùnù lé e, tó gbé àwọn ọmọdé tí kò ní òbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn padà dé, ojú ti gbogbo wa lójú ayé. Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà tọwọ́ bọ àdéhùn ní 2005. Òfin 2006-04 sì tẹ̀ lé e ní 2006: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìgba ìwé àṣẹ ìjọba, àyàfi nínú ọ̀ràn díẹ̀ tí òfin yà sọ́tọ̀. Ẹni tó bá kó ọmọ ṣòwò, ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20 ló wà níwájú rẹ̀. Ọkùnrin tó mú ọmọ mẹ́rin wá fún mi kò gba ìwé kankan. Èmi náà kò bi í.

Àgbà kan ní ìpàdé tó kọjá sọ pé, "Ṣé kí ọmọ mi má bá mi lọ sóko mọ́? Oko ni a fi tọ́ èmi náà." Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Ọmọ tó bá bàbá rẹ̀ ṣa kajú lọ́jọ́ Sátidé, tó lọ sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tó ń sùn nílé ìyá rẹ̀, kì í ṣe ẹrú, kò sì sí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn tó lọ wo oko kòkó ní Gánà àti Côte d'Ivoire ní ọdún 2018 sí 2019 ka mílíọ̀nù 1.56 ọmọ tó ń ṣe iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọdé. Oko àwọn òbí wọn ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ọ̀rọ̀ ẹrú kọ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ àdá, oògùn kòkòrò àti ẹrù wúwo ni. Nínú kajú náà, omi tó wà lára èèpo máa ń bó ọwọ́, ẹ̀yin ìyá tó ti fọ́ ọ rí mọ̀. Kí ọmọdé má fọ́ ọ, ó parí. Òfin iṣẹ́ wa ní kí a má gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14 síṣẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹnì kan gbé wá láti ibi tó jìn, tí kò mọ iye tí wọ́n ń san, tí kò lè padà sílé bó bá wù ú, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ti ọmọ ọ̀dọ̀, vidomègọ̀n tí ó wà nínú ilé wa ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́, ìyẹn tó ìpàdé kan lọ́tọ̀, mo bẹ̀ yín.

Kí ni kí a wá ṣe? Èrò mi rèé, kí ìpàdé dá sí i.

Ká má fọwọ́ sí ohun tí a kò tíì yẹ̀ wò. Ẹni méjì-méjì ni kí ó lọ sí oko kọ̀ọ̀kan tí ẹgbẹ́ wa ń gba kajú rẹ̀, kí obìnrin kan wà níbẹ̀ ní dandan, torí ohun tí ọmọ yẹn sọ fún ìyàwó mi, kò lè sọ ọ́ fún mi láéláé. Kí wọ́n má fi ọjọ́ ránṣẹ́ ṣáájú. Kí ọ̀gá oko jìnnà díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń bá òṣìṣẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbọ́ èdè òṣìṣẹ́ sì bá wọn lọ. Ìbéèrè mẹ́ta péré ti tó: Ta ló ń sanwó rẹ, èló sì ni? Níbo ni ìwé rẹ wà? Bí o bá fẹ́ lọ sílé lọ́la, kí ló máa dá ọ dúró?

Owó òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́, tàbí sórí Momo rẹ̀, kó má gba ọwọ́ ọ̀gá alágbàṣe kọjá. Bí a bá fẹ́ fún alágbàṣe ní nǹkan torí pé ó wá wọn, àpò wa ni kó ti jáde, kó má ti inú owó wọn. Mo mọ̀ pé èyí yóò mú kí iṣẹ́ wọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọ́n.

Kábíyèsí, ẹ̀yin baálẹ̀, ibi tí ọ̀rọ̀ kàn yín nìyí, ẹ fi orí jì mí. Àlejò tó bá kó èèyàn wọ abúlé máa ń wá kí baálẹ̀ kó tó sùn. Yín ni ẹ kọ́kọ́ ń rí wọn. Mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó gba obì àti ọtí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ ní kó tò wọ́n síwájú yín, kí kálukú sọ orúkọ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ọmọdé bá wà láàárín wọn, ẹ béèrè ìwé àṣẹ. Bí kò bá sí, ẹ má kàn lé wọn lọ o, torí ẹni tí a bá lé lọ, abúlé kejì ló ń lọ, ó sì lè bá ohun tó burú jù níbẹ̀. Ẹ ránṣẹ́ sí àwọn olùtọ́jú ìdílé ti ìjọba ní kọ́múùnù yín, tàbí sí àwọn ọlọ́pàá OCPM tó ń dáàbò bo ọmọdé.

Ó kù síbi kan, tí ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ wà. Mo ka ojú ewé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ojú ewé méje nínú rẹ̀ ni ohun tí àwa gbọ́dọ̀ ṣe. Ohun tí àwọn gbọ́dọ̀ ṣe kò tó ìdajì ojú ewé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá rí ọ̀ràn kan lóko kan, wọ́n á já gbogbo ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, kajú tó wà nílẹ̀ di ti wa. Ta ló máa wá sọ òótọ́ fún wọn bí ìyà òótọ́ bá rí báyìí? Gbogbo wa ni yóò máa bo ara wa mọ́lẹ̀. Àwọn náà ló sì máa ń ránṣẹ́ lójijì pé àwọn fẹ́ ogún tọ́ọ̀nù láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọ́n á sì dá owó dúró fún oṣù kan lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wọn kajú. Àgbẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́, tí ọjọ́ sì ń lé, ọ̀dọ̀ ta ló ń lọ? Ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó mú ọmọ mẹ́rin wá fún mi náà ni.

Nítorí náà, lẹ́tà tí mo kọ padà sí wọn, tí mo fẹ́ kí ẹ fọwọ́ sí lónìí dípò ìwé wọn, sọ pé a gbà láti yẹ oko wa wò, a ó sì fi ohun tí a bá rí hàn wọ́n. Àwọn náà gbọ́dọ̀ sọ iye tọ́ọ̀nù tí wọ́n fẹ́ kí àsìkò tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n san owó lọ́jọ́ ìwọ̀n, kí wọ́n fún wa ní oṣù mẹ́ta láti tún oko tí ọ̀ràn bá wà ṣe kí wọ́n tó já ẹnikẹ́ni sílẹ̀, kí wọ́n sì dá sí owó ọkọ̀ àwọn tó ń yẹ oko wò. Kí wọ́n kọ ìwé wọn ní èdè Yorùbá pẹ̀lú, kí ẹni tó ń tẹ ìka sí i mọ ohun tó ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ó lè jẹ́ pé wọn kò ní gbà. Wọ́n lè lọ rà níbòmíràn lóòótọ́, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá lọ, òfin 2027 yẹn ń tẹ̀ lé wọn.

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà, Yorùbá wà lójú kan, Faransé wà lójú kejì. Ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn tó máa yẹ oko wò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a nílò èèyàn méjìlá, kí mẹ́fà jẹ́ obìnrin. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni a ó bẹ̀rẹ̀, oko mi ni wọ́n ó sì kọ́kọ́ lọ.